Ògiri Tí Ọ̀nàwùmí Kò Fẹ́ Fi Sílẹ̀

Ní ìlú Òkè-Ìrókò, nígbà tí gbogbo ilé ṣì jẹ́ ilé alámọ̀ tí koríko bo orí wọn, ọ̀mọlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nàwùmí. Iṣẹ́ ilé mímọ ni baba rẹ̀ ṣe títí ó fi papò dà, iṣẹ́ náà ló sì fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ dùn ju ti baba lọ. Bí Ọ̀nàwùmí bá gbé igun ilé dúró, àfi bí ẹni pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e. Bí ó bá fi omi ra ojú ògiri, á máa dán bí ẹ̀yìn igbá. Àwọn ọ̀mọlé láti ìlú mìíràn a máa yà wò ó. Wọ́n á fọwọ́ pa ògiri náà, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì bá ọ̀nà wọn lọ láìlè sọ ohunkóhun.

Bí iṣẹ́ rẹ̀ ti dára tó yìí, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún un kò pọ̀. Ohun tó fà á kò fara sin. Ọ̀nàwùmí kì í parí ilé. Bí ó bá mọ ipele kan lónìí, tó jí lọ́la tó tún wò ó, ojú rẹ̀ á rí ibi tó wọ́, á rí ibi tó rí gbágungbàgun, ibi tí ẹlòmíràn kò lè rí bó tilẹ̀ fi àtùpà wá a. Ó di kó gbé ọkọ́, kó wó o lulẹ̀, kó ní kí wọ́n tún amọ̀ pò. Ilé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń mọ parí láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan, òun á mọ ọ́n wọ inú òjò, òjò á bà á jẹ́, á sì tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn bá dé. Àwọn aráàlú a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ilé tí Ọ̀nàwùmí bá ń mọ fún ọ, ọmọ-ọmọ rẹ ni yóò kó wọ inú rẹ̀."

Ọ̀mọlé mìíràn wà nínú ìlú yìí kan náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bámgbálà. Lọ́dọ̀ baba Ọ̀nàwùmí ló ti kọ́ṣẹ́, Ọ̀nàwùmí sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ògiri Bámgbálà kì í dán. Bí èèyàn bá sún mọ́ ọn, á rí ipa ìka ọwọ́ lára rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí Bámgbálà bá sọ ìgbà tí ilé yóò parí, ìgbà náà ni yóò parí. Nígbà tí olórí àwọn ọ̀mọlé ìlú kú, tí àwọn ìjòyè jókòó láti yan òmíràn, Bámgbálà ni wọ́n fi joyè náà.

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọ̀nàwùmí wọ egungun. Ó wọlé tọ Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ lọ, ó ní, "Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé igun ilé dúró! Òun ni wọ́n wá fi ṣe olórí lé mi lórí!"

Àwẹ̀ró ń rànwú lọ́wọ́. Ó dá ọwọ́ dúró díẹ̀. "Baba Ìbídùn, ẹ má bínú sí mi o. Nínú gbogbo ilé tí ẹ ti dáwọ́ lé, mélòó ni èèyàn ń sùn nínú rẹ̀?"

Ọ̀nàwùmí mọ iye rẹ̀, kò kàn fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni.

Kì í ṣe ìgbéraga ló ń ṣe é o. Ẹ̀rù ló ń bà á. Bó bá ti ku díẹ̀ kí ilé kan parí, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ilé tó bá ti parí, ó ti bọ́ sí gbangba nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló lè nàka sí i pé, "Ọ̀nàwùmí ló mọ èyí." Ṣùgbọ́n ògiri tó ṣì wà lọ́wọ́, ta ni yóò bu ẹnu àtẹ́ lù ú? Èèyàn á ṣáà ní, "Kò ì tíì parí ni." Inú "kò ì tíì parí" yìí ni Ọ̀nàwùmí sá sí bí ẹni sá sábẹ́ igi nígbà òjò, kò sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọjọ́ ayé òun ti ń lọ.

Ó ṣe, ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, àwọn ọdẹ dáná sungbó lẹ́yìn odi. Atẹ́gùn gbé ẹta iná wọ ìlú, ó jù ú sórí ilé àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Òjélàdé. Kí àwọn èèyàn tó dé láti odò, ilé ti jó kanlẹ̀. Ẹ̀mí kankan kò bá a lọ, ṣùgbọ́n Òjélàdé, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ arúgbó, gbogbo wọn di èrò òdẹ̀dẹ̀ ìbátan wọn kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn pẹ̀lú ewúrẹ́ onílé. Ìyá náà ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ojú rẹ̀ sì ti fọ́. Ọwọ́ ló fi ń táràrà bó bá ń lọ bó bá ń bọ̀.

Òjélàdé wá bá Ọ̀nàwùmí ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ọ̀nàwùmí, mi ò ní tàn ọ́. Bámgbálà ni ọkàn mi lọ sí. Ìyá mi ló ní baba rẹ ló mọ ilé tó jóná, ọmọ rẹ̀ ni kó mọ òmíràn. Mo bẹ̀ ọ́, má fi mí ṣẹ̀sín. Ṣáà jẹ́ kí wọ́n rí ibi forí pamọ́ sí kí òjò tó dé."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò yóò bá yín nínú ilé ni."

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, òun náà sì gba ara rẹ̀ gbọ́.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wa ilẹ̀, wọ́n pọn omi, àwọn òṣìṣẹ́ ń fẹsẹ̀ po amọ̀, wọ́n ń kọrin. Ipele kìíní gbẹ, ti èkejì gùn ún. Òjélàdé lọ gé igi òrùlé, àwọn àna rẹ̀ sì bá a kó koríko bẹẹrẹ jọ gegere sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Inú gbogbo wọn ń dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ipele kẹta, àrùn àtijọ́ dé. Ọ̀nàwùmí na okùn sí ògiri ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wò ó, ó tún un wò, ó gbé ọkọ́. Bí wọ́n ti tún un mọ tán, ti ẹ̀gbẹ́ òsì kò bá a dọ́gba mọ́, ìyẹn náà di wíwó. Òkìtì amọ̀ tó wà ní ìdí ògiri kò dínkù. Ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í mú janjan, ojú ọ̀run sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lápá ìlà-oòrùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àkọ́rọ̀ òjò dé. Kò pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ìjì bá a wá. Ó bu lára orí ògiri lọ, ó sì fẹ́ omi wọ òdẹ̀dẹ̀ tí ìyá arúgbó jókòó sí. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìyá ti ń wúkọ́.

Òjélàdé wá bá Ọ̀nàwùmí níbi iṣẹ́. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Bí ìyá mi bá kú sí òdẹ̀dẹ̀ olódẹ̀dẹ̀, mi ò ní sọ pé òjò ló pa á." Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí gún Ọ̀nàwùmí bí ọfà. Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹni ń sá fún ikú. Wọ́n dí ibi tí òjò bu, wọ́n mọ ògiri dé orí, oòrùn bá wọn ṣe é, ó gbẹ. Ó ku òrùlé nìkan. Ọ̀nàwùmí wá jí lọ wò ó ní òwúrọ̀. Oòrùn ń tan ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri iwájú kọjá, ó sì rí i: nítòsí ẹnu ọ̀nà, ògiri náà yọ ikùn síta. Kò ju bí ìgbà tí ọmọdé fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, ṣùgbọ́n lójú Ọ̀nàwùmí, ó tóbi ju gbogbo ilé lọ. Ó wá ọkọ́ rẹ̀ kàn.

Kọ́láwọlé, tó dàgbà jù nínú àwọn òṣìṣẹ́, di ọkọ́ náà mú. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ògiri yìí ti gbẹ. Kò sóhun tó ṣe é."

"Kò sóhun tó ṣe é? Ìwọ ò ríran ni?"

"Mo rí i. Ilé ni mo rí."

Ọ̀nàwùmí já ọkọ́ gbà. Ó gbá a mọ́ orí ògiri, amọ̀ gbígbẹ já lulẹ̀ gbì. Ó fẹ́ gbá a lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ìyàwó Òjélàdé yọ ní igun ọgbà pé ìyá arúgbó ń pè é. Wọ́n ní èèyàn kan gbé èkuru wá kí ìyá, ìyá sì ní òun kò ní dá a jẹ, kí wọ́n pe ọmọ ọ̀mọlé wá bá òun jẹ ẹ́. Àgbà kì í peni síbi oúnjẹ ká kọ̀. Ọ̀nàwùmí ju ọkọ́ sílẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó lọ.

Ìyá jókòó lórí ẹní, ó tẹ̀yìn ti òpó. Àwo èkuru wà níwájú rẹ̀, ata díndín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Jókòó, ọmọ mi. Ebi á ti máa pa ọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ìyá kò lè jẹ púpọ̀, ikọ́ ń dá a lọ́wọ́ kọ́. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń fi ọwọ́ wá èkuru nínú àwo. Ọ̀nàwùmí ní tirẹ̀ kò fẹ́ ìdọ̀tí lọ́wọ́, àní nídìí oúnjẹ. Èkuru sì rèé, ó máa ń rún, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìka. Bó bá ti fi òkèlè kan sẹ́nu, á gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo, pà, pà, kí ìka rẹ̀ lè mọ́ kó tó bu òmíràn. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rún rẹ̀ ń padà sínú àwo.

Ìyá na ọwọ́, ó bá èkuru. Ó dúró díẹ̀, ó tún na ọwọ́, ó tún bá a.

"Ọ̀nàwùmí, èkuru yìí kò tíì tán ni? Mo fẹ́ kí wọ́n gbé àwo lọ kí n sinmi."

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Ìyá."

Ó tún bù ú jẹ, ó tún gbọn ọwọ́. Ìyá yí etí sí i. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá fọ́, etí rẹ̀ kì í sùn.

"Kí ló ń dún yẹn? Ṣé inú àwo lò ń gbọn ọwọ́ sí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Mi ò fẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó fọkàn balẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, kò lè tán báyẹn láéláé. Bí o bá fẹ́ kó tán, fi ọwọ́ náà sílẹ̀ bó ṣe rí. Jẹ ẹ́ kó tán ná. Bó bá tán, o ó fọ ọwọ́."

Ọ̀nàwùmí náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jáde. Ó wo ìka rẹ̀ tó funfun, ó wo ẹ̀rún tó wà nínú àwo. Ó wá wo ìyá arúgbó tó jókòó ti òpó ilé onílé, tí kò ní lè rí ikùn ògiri láé, bó dọ́gba, bí kò dọ́gba. Ohun kan dẹ̀ ní àyà rẹ̀ bí okùn tí wọ́n ti fà le fún ọjọ́ pípẹ́. Ó jẹ èkuru náà kó tán láìgbọn ọwọ́ mọ́. Ó gbé àwo kúrò níwájú ìyá, ó dìde.

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́, ó fi amọ̀ tútù dí ibi tí ọkọ́ ti bù, ó fi ọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan péré. Kò fi ọwọ́ kan ikùn ògiri náà. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó lè ṣe: ó gba ilé Bámgbálà lọ.

"Bámgbálà, òjò ń bọ̀. Èmi àti àwọn tèmi nìkan kò lè bo ilé Òjélàdé tán lónìí. Bá mi wá èèyàn."

Bámgbálà lè sọ̀rọ̀ ẹ̀gàn, ààyè rẹ̀ wà. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Ọjọ́ náà, ilé Òjélàdé kún fún èrò. Àwọn kan ń gbé igi, àwọn kan ń dì í, àwọn kan ń ju koríko sókè. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí òjò fi sọ̀ kalẹ̀, òjò ńlá tó ń fa igi tu. Inú yàrá ni ó bá ìyá arúgbó, lórí ẹní tó gbẹ, tí ó ń fọwọ́ wá ojú ògiri kí ó lè mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà.

Ìyá gbádùn, ó sì pẹ́ láyé nínú ilé náà. Ti Ọ̀nàwùmí, kò di olórí àwọn ọ̀mọlé, Bámgbálà ló ṣe é títí dọjọ́ alẹ́. Ikùn ògiri yẹn kò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Bó bá ń kọjá níwájú ilé Òjélàdé, ojú rẹ̀ á lọ síbẹ̀, ara rẹ̀ á yún un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń parí ilé, àwọn èèyàn sì ń ti abúlé wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Bí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá rí i tó tún ń wo ògiri gbígbẹ ní ìwòkuwò, tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá ọkọ́, Kọ́láwọlé á ké sí i láti òkèèrè pé, "Ọ̀gá, èkuru o!" Ọ̀nàwùmí á mí kanlẹ̀, á fi ọkọ́ sílẹ̀, á ní kí wọ́n gbé igi òrùlé wá.

Ẹnu àwọn ọ̀mọlé ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí ẹnu aráàlú, tó fi di pé bí àwọn àgbà bá rí ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀ràn kan tán nílẹ̀, wọ́n á ní: bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo.