Bí Àwẹ̀ró Ṣe Di Orúkọ

Bí omi gbóná, ọwọ́ ní í mọ̀ ọ́n.
Bí omi tutù, ọwọ́ náà ní í mọ̀ ọ́n.
Ojú lásán kò mọ omi ìwẹ̀ ìkókó.
Àwọn ni wọ́n dífá fún Èfúnyẹmí, aya kékeré ní ìlú Apá-Odò, ní ọjọ́ tí ó lóyún ẹ̀ẹ̀kẹta tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó yọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Èfúnyẹmí ti bímọ. Èkíní kú ní ọjọ́ kẹrin. Èkejì kú ní ọjọ́ karùn-ún, nínú ọyẹ́. Kò sí èyí tí ó pẹ́ tó ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. "Tuntun" ni wọ́n ń pè wọ́n títí wọ́n fi sin wọ́n.

Ọ̀yábùnmi, ìyáálé rẹ̀, ni ó wẹ ọmọ àkọ́kọ́. Ọ̀yábùnmi kò bímọ rí. Èfúnyẹmí ní ọwọ́ rẹ̀ kò dára. Láti ìgbà náà kò gba iná lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìkáwọ́ ìyáálé ni ààrò wà. Omi tútù ni Èfúnyẹmí fi wẹ ọmọ kejì, nínú yàrá, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá tíì sin ọmọ rí, kí ó má ṣe dá a lẹ́jọ́.

Ifá ní kí ó rú ẹyẹlé méjì, òrí, ọṣẹ dúdú àti aṣọ funfun kan. Ó ní bí ó bá bímọ, ẹni tí kò fẹ́ kí ó fọwọ́ kan ọmọ náà ni kí ó máa wẹ̀ ẹ́ títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó ní ìyẹn ni orí ẹbọ.

Èfúnyẹmí rú ẹyẹlé, ó rú òrí, ó rú ọṣẹ, ó rú aṣọ. Nígbà tí ó bí ọmọbìnrin, ó tún ti ilẹ̀kùn. Ó ní ohun tí òun rú ti tó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ọmọ kò mu ọmú mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí òkúta inú odò. Igbe rẹ̀ kò ju ti ọmọ ẹyẹ lọ. Èfúnyẹmí gbé e jáde, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ààrò.

"Ìyáálé mi, ẹ dákun, ẹ bá mi wẹ̀ ẹ́."

Ọ̀yábùnmi kò tíì gba ọmọ. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Ìyàwó, ṣé ọwọ́ tí ń pa ọmọ náà nìyí? Wò ó dáadáa. Gbogbo ilé ni o sọ fún, èmi nìkan ni o kò sọ fún."

"Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ nà mí bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ń tutù."

"Ta ni yóò na abiyamọ ọlọ́jọ́ mẹ́ta? Dìde, jàre. Gbé omi kaná, kí o sì yé sunkún sí mi létí."

Ọ̀yábùnmi fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò. Ó wẹ ọmọ, ó fi òrí pa á lára, ó na apá, ó na ẹsẹ̀. Ó tú ìró òde ara rẹ̀, tí ó ti móoru, ó ró o mọ́ ọmọ lára. Nígbà tí oòrùn wọ àgbàlá, ọmọ wá ọmú.

Òun ni ó ń wẹ̀ ẹ́ títí di ọjọ́ keje. Ní ọjọ́ náà, bàbá ọmọ bèèrè orúkọ. Èfúnyẹmí ní kí wọ́n bi ìyáálé òun. Ọ̀yábùnmi gbé ọmọ náà mọ́ra.

"Èmi kò mọ orúkọ ńlá. A wẹ̀ ẹ́, a ró o láṣọ, ó sì wà. Ẹ máa pè é ní Àwẹ̀ró."

Àwẹ̀ró dàgbà, ó bímọ. Ọ̀yábùnmi ni ó ń pè ní Ìyá títí ìyẹn fi kú.

Ifá kò gba ààbọ̀ ẹbọ. Ohun tí ó wà lọ́jà, ẹnikẹ́ni lè rà á rú. Èyí tí ó wà nínú ọkàn ni ó ṣòro láti gbé kalẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ire dúró sí.