Igi Gbígbẹ Nínú Òjò

Ní erékùṣù kan, bí òjò bá ti bo ojú òkun, ìyàwó apẹja ní í dáná sínú ihò àpáta orí òkè, kí ọkọ rẹ̀ lè rí ọ̀nà wálé.

Lọ́jọ́ kan tí ọkọ wọn wà lójú òkun, Àmọ̀kẹ́ àti ìyálé rẹ̀ ru igi gbígbẹ lọ. Òjò ká wọn mọ́ ìdajì ọ̀nà, wọ́n sì fi tapólì pàgọ́. Òjò kọ̀, kò dá, ilẹ̀ sì ń ṣú lọ. Ni Àmọ̀kẹ́ bá tú àgọ́, ó fi tapólì wé igi.

"Àwa náà ńkọ́?" ni ìyálé rẹ̀ fi igbe ta.

"Ìyálé mi, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ dìde."

Wọ́n rin gbingbin kí wọ́n tó dókè, ṣùgbọ́n iná ràn.

Nígbà tí ọkọ wọn gúnlẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tí òjò pa yín tó báyìí?"

Ìyálé ń gbọ̀n, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín: "Oyin la lọ jẹ."