Ìjàpá Ra Bílẹ́ńdà Nítorí Ènì

— Ẹ̀yin ọmọ mi, àlọ́ ń kan ilẹ̀kùn o.
— Kó wọlé, etí wa ti ṣí sílẹ̀.
— Kí ló ń torí bọ inú ọbẹ̀ gbígbóná, tó ń kùn bí oyin, tí kì í sì í tọ́ ọbẹ̀ wò?
— Bílẹ́ńdà ni.
— Ta ló wá fi ikùn yàn án dípò ojú?
— Ta ni ì bá tún jẹ́? Ìjàpá ni.
— Ẹ ti mọ ìdáhùn. Ẹ jókòó ẹ gbọ́ ìyókù, kí ẹ̀yin náà má baà lọ ra ti yín bẹ́ẹ̀.

Ní ayé ìgbà kan, gbogbo ìlú ẹranko ló ń gba iná lọ́wọ́ Òjíjí, ẹja tí í gbọn ẹni jìgìjìgì bí a bá fọwọ́ kàn án. Inú odò ló jókòó sí, wáyà sì ń lọ láti ìdí rẹ̀ dé ojúlé kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ojúlé náà ni Ìjàpá ń gbé pẹ̀lú Yánníbo ìyàwó rẹ̀, àti ìyá Yánníbo, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Òkè-Ọ̀dàn.

Eyín Ìyá Òkè-Ọ̀dàn ti lọ, kò ku ẹyọ kan. Ohunkóhun tó bá ti ní kókó nínú, kì í gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Gbẹ̀gìrì ló kù tó ń bá ìyá àgbà náà lára mu, gbẹ̀gìrì sì rèé, bí ẹ̀wà rẹ̀ kò bá kúnná, ẹ̀wà lásán ni. Lójoojúmọ́ ni Yánníbo ń fi ìjábẹ̀ já a, títí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fi wú. Ìjàpá náà ń ràn án lọ́wọ́ gidigidi. Ó máa ń jókòó síwájú àdògán, a sì máa kí i pé ó kú iṣẹ́.

Nígbà tí ọwọ́ kò gbé ìjábẹ̀ mọ́, kókó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọbẹ̀. Ìyá Òkè-Ọ̀dàn á tọ́ ọ wò, á rọra gbé abọ́ sílẹ̀, á ní òun ti yó. Ó ń rù lójú ọmọ rẹ̀. Yánníbo wá rántí bílẹ́ńdà kan tó rí nílé ìyàwó Àgbọ̀nrín. Kì í ṣe irú èyí tó ń jókòó lórí tábìlì bí ọba o. Èyí tí a ń dì mú lọ́wọ́ ni, tí a ń ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìkòkò lórí iná, tí ọbẹ̀ á sì kúnná kí a tó wúkọ́. Kò lè fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ sọ́jà, ó bá gbé àpò ẹ̀wà kan fún Ìjàpá pé kó fi ṣe pàṣípààrọ̀.

“Kó jẹ́ bọ́tìnnì kan ṣoṣo,” ni Yánníbo wí. “Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin, torí inú ìkòkò tó ń hó ni mo fẹ́ kì í bọ̀. Kó ṣe é tú fọ̀. Kó má sì wúwo ju ọwọ́ yìí lọ.”

“Ṣé èmi lo ń kọ́ ní ọjà rírà?”

“Ó tì o, baálé mi. Ìjọsí tí mo ní kí ẹ ra iyọ̀ wá, ìṣáná lẹ rà, torí wọ́n fi bisikíìtì lé e lórí.”

Yánníbo kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ó ní Àwẹ̀ró àbúrò òun ti ránṣẹ́ pé kí ìyá wọn máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Bí gbẹ̀gìrì ọ̀sán òní kò bá kúnná, ìyá ń lọ nìyẹn. Òun Yánníbo náà á sì tẹ̀ lé e, torí òun kọ́ ni yóò jókòó ti ọkọ tó yó, kí ìyá òun máa fi ebi sùn níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ìjàpá lára. Kì í ṣe nítorí àna rẹ̀, ẹ má ṣi í gbọ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ ilé ìdáná, ṣíṣí ìdérí ìkòkò nìkan ni ó mọ̀. Bí Yánníbo bá lọ, ta ni yóò máa fi nǹkan sábẹ́ ìdérí? Ó búra pé òun kò ní yà síbì kankan, ó gbé àpò ẹ̀wà kọ́ èjìká, ó mú ọ̀nà ìsọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́ pọ̀n.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń ta ohun èlò ìdáná nílùú náà. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ṣùgbọ́n kì í purọ́, èyí tí kò wọ́pọ̀ nínú ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òfin kan ló ní, ó sì máa ń kà á fún oníbàárà kí wọ́n tó kí ara wọn tán: ohun tí ẹ bá rà, ẹ lè dá a padà wá pààrọ̀ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, àfi èyí tí epo bá ti kàn. Ohun tí epo bá ti kàn, ó ti wọ ilé ìdáná, kì í padà sí ìsọ̀ mọ́.

Ó gbé bílẹ́ńdà kan jáde. Dúdú ni, ó gùn tó apá ọmọdé, bọ́tìnnì kan, ẹsẹ̀ irin, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan lára rẹ̀. Ó kì í bọ ìkòkò ẹ̀wà kan tó ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀wà di ọbẹ̀. Ó tú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi omi ṣàn án, ó tò ó padà.

“Ó dára,” ni Ìjàpá wí. “Kí ni ènì rẹ̀?”

“Kò ní ènì.”

“Báwo ni ọjà ṣe ń wà láìní ènì?”

“Ẹni tó bá ra èyí kì í padà wá bá mi jà. Kí ni mo fẹ́ fi tù ú nínú?”

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ ènì: fífi díẹ̀ lé ọjà kí inú ẹni tó rà á lè dùn. Àwa tí a gbọ́n, ọjà là ń rà, a wá ń gba ènì. Ìjàpá gbọ́n jù wá lọ. Ojú rẹ̀ ti kúrò lára bílẹ́ńdà dúdú, ó ti bá òmíràn lórí àtẹ. Èyí ń dán bí wúrà, bọ́tìnnì tò sí i lára bí eyín àgbàdo, iná pupa kan sì ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀. Igbá ẹ̀pà sísun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Èyí ńkọ́?”

“Igbá ẹ̀pà yẹn ni ènì rẹ̀.”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

“Rọ́bà ni,” ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. “Ṣùgbọ́n ẹ̀pà rẹ̀ gbẹ dáadáa.”

Ìjàpá ní lọ́kàn rẹ̀, ta ló sọ pé òun gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan? Òun yóò gba aláwọ̀ wúrà, òun yóò jẹ ènì rẹ̀, òun yóò dá a padà gba òmíràn, òun yóò tún jẹ ènì ìyẹn. Bí ikùn bá kún tán, òun yóò wá fi gba dúdú elẹ́sẹ̀ irin lọ sílé. Ìyàwó á rí ohun tó rán òun, òun náà á rí ohun tí kò rán òun. Ó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi bú sẹ́rìn-ín lójú ọlọ́jà.

Ó kó àpò ẹ̀wà fún Ọ̀kẹ́rẹ́, ó gbé aláwọ̀ wúrà lọ sẹ́yìn ọgbà, ó jẹ ẹ̀pà tán, ó padà wá. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ ń dun òun lójú. Ọ̀kẹ́rẹ́ fún un ní aláwọ̀ ewéko, Ìjàpá na igbá: ọjà tuntun, ènì tuntun. Kò pẹ́ tó tún dé, ó ní iná pupa ara èyí ń tejú mọ́ òun. Wọ́n tún pààrọ̀. Ó tún dé, ó ní èyí wúwo. Ó tún dé, ó ní èyí fúyẹ́. Nígbà tó yá, ó ń fi orin rìn, ẹ bá mi gbè é:

Mo lọ, mo bọ̀,
— Ènì dùn jọjà.
Mo pààrọ̀, mo tún pààrọ̀,
— Ènì dùn jọjà.
Ẹ̀wà ń hó nílé,
— Ènì dùn jọjà.
Àna mi gbé abọ́ dání,
— Ènì dùn jọjà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo inú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà, ó rí ìdí rẹ̀. Kò bá Ìjàpá jà. Ó gbé agbada ka iná, ó da epo pupa sí i, ó sì din àkàrà. Nígbà tí Ìjàpá tún dé pẹ̀lú ẹ̀sùn tuntun, ó gbé bílẹ́ńdà mìíràn, elẹ́sẹ̀ rọ́bà bí àwọn ti ìṣáájú, fún un, ó ní kó má bínú, ẹ̀pà ti tán, àkàrà ni ènì báyìí. Ewé tí òun ì bá fi pọ́n ọn náà ti tán. Kó fọwọ́ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìjàpá fọwọ́ gbà á bẹ́ẹ̀. Àkàrà ń kán epo lọ́wọ́ ọ̀tún, bílẹ́ńdà wà lọ́wọ́ òsì. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún gbóná, ó gbé àkàrà sí òsì, ó gbé bílẹ́ńdà sí ọ̀tún. Nígbà tí òsì náà gbóná, ó tún gbé wọn padà. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ọmọlúàbí lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ikùn wá kún wàyí, ó padà sí ìsọ̀, ó ní kí wọ́n gbé dúdú elẹ́sẹ̀ irin yẹn fún òun, òun kò fẹ́ ènì, òun kì í ṣe ọ̀kánjúwà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gba èyí tó dá padà, ó gbé e sókè sí oòrùn.

“Ìka ta nìyí?”

“Ó lè jẹ́ ti ẹni tó ṣe é.”

“Ẹ gbé ọwọ́ yín lé e kí n wò ó.”

Ìjàpá gbé ọwọ́ lé e. Ìka márààrún bá ojú epo pupa mu gẹ́lẹ́.

“Epo ti kàn án,” ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. “Ó ti wọ ilé ìdáná. Ẹ bá mi kí Ìyá Òkè-Ọ̀dàn.”

Ìjàpá bẹ̀ ẹ́, ó fi bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó fi ọmọ tí kò bí bẹ̀ ẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti kọjú sí oníbàárà mìíràn, ó ń ka òfin fún un.

Oòrùn ti dé àtàrí nígbà tí Ìjàpá wọlé. Ẹ̀wà ń hó lórí àdògán, Ìyá Òkè-Ọ̀dàn jókòó lórí àpótí, abọ́ wà lórí itan rẹ̀, ẹ̀kọ rẹ̀ ti ń tutù. Yánníbo gba ẹrù náà, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó fi ìka méjì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò.

“Baálé mi, ẹsẹ̀ yìí ń tẹ̀.”

“Irin òde òní ni. Irin àtijọ́ ló máa ń le.”

Kí Yánníbo tó bi í ní ìbéèrè kejì, ó ti já a gbà. Ó ní ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n kì í ṣe ohun tí obìnrin ń ṣàdédé tẹ̀, òun fúnra òun ni yóò lọ ẹ̀wà náà. Ó so wáyà rẹ̀ mọ́ ti Òjíjí, ó ki ẹsẹ̀ rọ́bà bọ inú ìkòkò. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ súfèé. Ó tẹ òmíràn, iná pupa ṣẹ́jú sí i. Ó tẹ òmíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìkómọjáde. Ẹ̀wà kò mira.

“Orin náà dùn, àna mi,” ni Ìyá Òkè-Ọ̀dàn wí. “Ṣé òun ni n ó fi jẹ ẹ̀kọ?”

Inú bí Ìjàpá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ gbogbo bọ́tìnnì pọ̀. Ẹ̀rọ hó yèè. Ẹ̀wà gbéra nínú ìkòkò, ó lẹ̀ mọ́ àjà, ó lẹ̀ mọ́ ògiri, èyí tó gbóná jù nínú rẹ̀ bá Ìjàpá lórí, òun náà sì fa orí bọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ìkòkò, irin òde òní ń yọ́ bí àbẹ́là. Èéfín dúdú sọ.

Ìyá Òkè-Ọ̀dàn fa imú. “Yánníbo, ta ló ń sun bàtà?”

Ìjàpá yọ orí díẹ̀, ó ní ọlọ́jà ló rẹ́ òun jẹ. Kò mọ̀ pé èèpo ẹ̀pà lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n òun, tí epo àkàrà sì ń dán létí ẹnu. Ìyá àgbà náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ pẹ̀lú èrìgì òfìfo.

“Ẹ má banú jẹ́, àna mi,” ni ó wí. “Ẹnìkan ṣáà yó nínú ilé yìí lónìí.”

Àwọn àgbà ní bí a bá ń gúnyán nínú ewé, tí a ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ìjàpá mú èèpo ẹ̀pà wálé lóòótọ́. Ọbẹ̀ inú rẹ̀ ni a kò rí.

Yánníbo da ẹ̀wà tó ń rùn nù, ó ha ìkòkò, ó fọ̀ ọ́, ó fi aṣọ dì í. Ó ká ẹní ìyá rẹ̀. Ìjàpá ń tẹ̀ lé e kiri inú ilé, ó ń ṣàlàyé. Ó ní òun lè kọ́ bí a ti ń fi ìjábẹ̀ já ọbẹ̀ láti ọ̀la. Ó ní inú ń run òun, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́, ẹ̀pà tó jẹ kò kéré. Yánníbo kí i pé ó kú ìnira. Ó fa ìyá rẹ̀ dìde, ó gbé ẹrù rù, ilé Àwẹ̀ró yá.

Ìdí nìyí, ẹ̀yin ọmọ, tí Ìjàpá fi ń jẹ ewé ní tútù títí di òní, tí ẹnìkan kò rí i nídìí ààrò rí. Bí ẹ bá ń ra ohun ìdáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò, ẹ má wo ẹ̀pà. Ibí ni mo ti sọ àlọ́ mi kalẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí ahọ́n mi wúwo bí ọmọ ọlọ. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, kó fúyẹ́ lẹ́nu mi títí n ó fi dàgbà.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ewé tútù lọ Ìjàpá ni Yánníbo. Ó ti ré ìloro kọjá, ìyá rẹ̀ ti ṣíwájú, nígbà tó bojú wẹ̀yìn wo ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ewé pọ̀ lẹ́yìnkùlé, baálé mi. Ẹ rọra máa jẹ ẹ́ ní tútù; ìkòkò ń bá mi lọ.”