Túwó Tí Kò Jinná Dénú

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan tí wọ́n ti ń jẹ túwó àgbàdo tọ̀sán tòru. Ìyàwó rẹ̀ mọ túwó rò, ṣùgbọ́n ẹnu ọkọ kì í jẹ́ kó sinmi. Bí omi bá ti hó, obìnrin náà á fi omi tútù po ìyẹ̀fun díẹ̀, á dà á sínú ìkòkò kó hó bí ẹ̀kọ mímu. Lẹ́yìn náà ni á máa da ìyẹ̀fun gbígbẹ sí i, tí á sì máa fi orógùn rò ó títí á fi le. Á wá wọ́n omi sí i lórí, á dé e, á fa igi iná sẹ́yìn, á sì jókòó tì í. Ìjókòó yìí ni ọkọ kò fẹ́ràn. Á ní túwó ti dì, kí ló tún kù? Baálé tí kò fọwọ́ kan orógùn rí ló mọ ìgbà tí túwó jinná!

"Ó kù kó jinná dénú, Baba Àjàgbé," ni ìyàwó máa ń wí.

Àjàgbé ni àkọ́bí wọn, kò sì sí nílé mọ́. Lọ́dún kan, irúgbìn àgbàdo tí wọ́n so kọ́ òkè ààrò dín kù, baba sì pe ọmọ náà ní olè lójú àwọn tó fẹ́ fi ṣe àna. Àwọn yẹn ní àwọn kò fọmọ fólè. Àjàgbé bínú fi ìlú sílẹ̀. Nígbà tí òjò dé, tí baba gun òkè àjà láti tún òrùlé ṣe, ó bá ṣùkù àgbàdo jọ pelemọ nínú ìtẹ́ eku. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú iná. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ ọ́ fún. Ojú ń tì í láti bẹ ọmọ tó bí.

Ọdún ń gorí ọdún, ara baba ń rọ, oko ń di igbó. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́ láyé, kí Àjàgbé padà wálé.

Lọ́jọ́ kan, Àjàgbé yọ lójú ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀. Inú baba dùn, ẹ̀rù sì ń bà á kí ọmọ má tún lọ. Nílé wọn, bí ẹni méjì tó jà bá ti jọ ki ọwọ́ bọ àwo kan, ìjà tán nìyẹn. Baba kígbe sí ilé ìdáná pé kí wọ́n gbé túwó wá.

"Ẹ jẹ́ n dé e díẹ̀."

"Gbé e wá bẹ́ẹ̀!"

Àjàgbé ní, "Baba, mo fẹ́ béèrè nípa irúgbìn ọjọ́ yẹn."

"Ọ̀rọ̀ àná ti bá àná lọ. Ṣan ọwọ́ rẹ, jẹun. A ti parí ẹ̀."

Túwó náà ń dán lójú. Àjàgbé bù ú, ìyẹ̀fun gbígbẹ sì tú jáde láàárín rẹ̀. Ó wò ó títí.

"Ẹ ṣeun, Baba. Kò tíì jinná."

Ó ṣan ọwọ́ rẹ̀, ó dágbére fún ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun baba, pé eku ni, ṣùgbọ́n kò jáde. Àjàgbé lọ.

Ìyá gbé túwó náà padà sórí iná. Ó bu omi sí i, ó ń rò ó, ó ń sunkún. Kókó ló dì. Túwó tó bá ti tutù láìjinná, iná kì í ràn án lọ́wọ́ mọ́. Kókó yẹn ni baba jókòó jẹ lóun nìkan.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìkórè tí baba fi kú. Àjàgbé wá gbẹ́ ilẹ̀. Etí sàréè ni ìyá ti sọ fún un pé eku ni.

Ìwọ tó o wá bá mi lónìí, o ní o ti sọ fún àbúrò rẹ pé ìjà ti parí, kò sì yé ọ ìdí tí kò fi yà sí ilé rẹ. Ṣé o dárúkọ ohun tó o ṣe fún un? O kàn ní kó wá jẹun ni. Dìde, lọ jókòó tì í, kí ó bi ọ́ ní gbogbo ohun tó bá fẹ́ bi ọ́. Sọ "eku ni" tìrẹ fún un, nígbà tí ìwọ àti òun ṣì wà láàyè.