Omi Tútù Ilé Àna Akínlàjà

Ní ìlú Àkùrọ̀ láyé àtijọ́, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Akínlàjà, iṣẹ́ tó sì ń ṣe ni dídán idẹ. Kì í ṣe òun ló ń rọ idẹ. Àwọn alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbà ọwọ́, ṣaworo ẹṣin tàbí àwo idẹ ààfin bá ti dúdú, ọ̀dọ̀ Akínlàjà ni wọ́n ń gbé e wá. Yóò fi eyín já òrombó wẹ́wẹ́ sí méjì, yóò fún un sí idẹ lára, yóò bu iyanrìn odò lé e, yóò sì fi àkísà gbo ó títí yóò fi rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Kí n má purọ́, ó fẹ́ràn láti máa wo ojú yẹn.

Ohun méjì ni Akínlàjà gbà gbọ́ láyé rẹ̀. Èkíní ni pé kò sí ohun tí òrombó àti iyanrìn kò lè mú dán. Èkejì ni pé bí ọwọ́ bá ṣe le tó ni iṣẹ́ ṣe ń dára tó. A ò lè bá a jiyàn lórí idẹ, nítorí idẹ kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé ó ń dun òun.

Nígbà tó yá, ìfẹ́ Àwẹ̀ró kó sí i lọ́kàn. Ọmọ Láníhùn àgbẹ̀ ni Àwẹ̀ró, ìyá Láníhùn ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ìyá Olórín ni gbogbo ìlú ń pe ìyá àgbà yìí, nítorí orín ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, síbẹ̀ ó ṣì ń fi eyín ara rẹ̀ jẹ àgbàdo sísun. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ dúdú, ó ń dán, eyín rẹ̀ funfun, èjí sì là á láàárín. Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń lọ á dúró. Akínlàjà dúró, kò sì lọ mọ́, títí wọ́n fi gbà fún un tí wọ́n sì dá ọjọ́ ìdána sí oṣù mẹ́ta.

Àṣà kan wà ní ilé Láníhùn tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíràn. Lọ́jọ́ ìdána, kí wọ́n tó gba obì lọ́wọ́ ẹbí ọkọ, wọn yóò fa omi nínú kànga ẹ̀yìnkùlé, omi tó tutù bí yìnyín, wọn yóò sì gbé igbá kan kíkún fún ọkọ ìyàwó. Yóò mu ún tán lójú àwọn àna, yóò sì rẹ́rìn-ín sí wọn. Bó bá fajú ro, wọ́n gbà pé onínúfùfù ni, pé ẹni tó fajú ro sí omi ilé àna yóò fajú ro sí ọmọ wọn. Ọkọ mẹ́ta ni wọ́n ti tìtorí omi yìí dá padà láyé bàbá Láníhùn. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn kò ṣe ju pé ó ṣẹ́jú lọ.

Omi kò ba Akínlàjà lẹ́rù; ẹ̀rín ló ń bà á lẹ́rù. Obì tó ti ń jẹ láti kékeré ti sọ eyín rẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Ó wo eyín náà nínú àwo idẹ kan, ó rántí ti Àwẹ̀ró, ojú tì í. Ó wo òrombó tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó wo iyanrìn tó wà lọ́wọ́ òsì. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó kàn.

Ìyá Olórín ló kọ́kọ́ fura. Akínlàjà wá ra orín lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní èyí tó le jù lọ lòun fẹ́, òun kò sì ní rún un rọ̀ kí òun tó lò ó. Ìyá bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Inú Akínlàjà dùn láti ṣàlàyé: òrombó ni yóò kọ́kọ́ fi pa eyín, iyanrìn ni yóò tẹ̀ lé e, orín líle ni yóò fi gbo ó.

"Akínlàjà, eyín kì í ṣe idẹ," ni ìyá wí. "Èèpo líle kan ló bò ó lókè, ẹ̀ẹ̀kan ni Ẹlẹ́dàá sì ń fún ni. Òrombó ń mú èèpo yẹn rọ̀, iyanrìn á wá gbo ó dànù. Bó bá ti lọ, kì í hù mọ́."

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ni Akínlàjà dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ idẹ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n."

Ìyá ní ọ̀rọ̀ idẹ kọ́ lòun ń sọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti mú orín rẹ̀, ó ti lọ.

Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, Akínlàjà ń gbo eyín. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, eyín funfun gbòò. Ló bá di ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan. Ó lọ kí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ní àdúgbò kejì, ó ń rẹ́rìn-ín, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ lé e jáde. Nígbà tó di oṣù kejì, eyín tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Akínlàjà rò pé ìdọ̀tí ló kù. Kò mọ̀ pé èèpo òkè ló ti tán lọ, tí inú eyín ń yọjú. Ó bá fi kún òrombó, ó fi kún iyanrìn.

Kò pẹ́ tí eyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan án. Bó bá mu ẹ̀kọ gbígbóná, á fò sókè. Bó bá la ẹnu sí afẹ́fẹ́ ọyẹ́, omi á jáde lójú rẹ̀. Ó wá ń fọwọ́ bo ẹnu kó tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ju méjì lọ. Àwọn ará àdúgbò ń yìn ín pé ìfẹ́ ti sọ ọ́ di ọmọlúàbí. Kò sọ ohun tó ń ṣe é fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ̀rù ń bà á kí Àwẹ̀ró má bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ ìdána pé. Wọ́n gbé igbá omi wá, Akínlàjà sì gbà á. Ó rò ó pé bí òun bá tètè gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, eyín kò ní ráyè mọ̀. Ló bá dijú, ó da omi sẹ́nu pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Eyín mọ̀. Akínlàjà fi igbe ta, ó fò sókè, igbá fò jù ú lọ. Omi tó wà nínú rẹ̀ kò já sí ibòmíràn, orí Láníhùn ló já sí. Nígbà tí wọn yóò fi wo ojú ọkọ ìyàwó, ó ti yí padà débi pé ìyá tó bí i kò lè dá a mọ̀.

Omi ń kán ní irùngbọ̀n Láníhùn. Nígbà tó yá, ó ní kí ẹbí ọkọ kó obì wọn lọ. Àwẹ̀ró bú sẹ́kún nínú yàrá, Akínlàjà sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi tó dà sílẹ̀, ìtìjú bò ó, ìbànújẹ́ sì gbà á lọ́kàn.

Ìyá Olórín dìde, ó ní kó la ẹnu. Ó yẹ eyín wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Láníhùn, ọmọ yìí kì í ṣe onínúfùfù," ni ó wí. "Òpè ni. Onínúfùfù ni n kò mọ oògùn rẹ̀. Fún mi ní oṣù mẹ́ta."

Ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ jiyàn? Láníhùn gbà, ṣùgbọ́n ó ní omi kan náà ni, igbá kan náà sì ni.

Láti ọjọ́ kejì, iwájú àtẹ Ìyá Olórín ni Akínlàjà ti ń fọ ẹnu. Yóò rún orín títí yóò fi rọ̀ bí òwú, yóò sì máa fi ra eyín jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ ọsàn tàbí ohun kíkan mìíràn, yóò fi omi lásán yọ ẹnu, yóò sì ní sùúrù kó tó fi orín kan eyín. Ìyá ní kó máa ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, kó sì wá ọ̀bẹ tí yóò máa fi la òrombó dípò eyín. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti fẹ́ le, ìdì orín ni ìyá yóò fi kàn án ní ìka, yóò bi í pé, "Ṣé idẹ nìyẹn?" Kò tàn án jẹ. Ó sọ fún un pé èyí tó lọ ti lọ. Èyí tó kù ni àwọn ń ṣọ́. Eyín ṣì ń kan án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò tó ti tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ pé. Gbogbo àna sún ìjókòó wọn sẹ́yìn, Láníhùn sì ti bọ́ agbádá rẹ̀ pamọ́ sí yàrá. Akínlàjà gba igbá. Ó fi ẹnu kan omi díẹ̀, ó rọra fi ahọ́n gbà á, ó dá a dúró lẹ́nu títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gbé e mì. Ó tún mu díẹ̀. Ó pẹ́ débi pé àwọn àgbà kan ti ń tòògbé, tí ẹ̀gbọ́n Láníhùn sì bèèrè bóyá mímu ló ń mu omi ọ̀hún ni àbí ó ń kà á. Akínlàjà tún mu díẹ̀ sí i. Nígbà tó tán, ó dojú igbá délẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Eyín náà kò funfun. Ó pọ́n díẹ̀ bí àgbàdo tó gbó, ṣùgbọ́n ojú tó wà lókè rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀.

Láníhùn wò ó títí. "Gbogbo ọkọ tó ti mu omi yìí, n kò tíì rí èyí tó ní sùúrù tó báyìí," ni ó wí. "Ẹ gbé obì wá."

Láti ìgbà náà, bí àwọn àgbà Àkùrọ̀ bá rí ẹni tó ń fi ipá ṣe ohun tí sùúrù lè ṣe, wọn á bi í bóyá idẹ ni, wọn á sì pa á lówe fún un pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára.