Ìdí Tí Bọ́ọ̀lù Funfun Fi Ń Yẹ̀ fún Ọ̀pá

Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà kò pọ̀: Tábìlì tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, àwọn ihò ẹ̀bá rẹ̀, àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù aláràbarà, Ṣọ́ọ̀kì oníyẹ̀yẹ́ tí a fi ń pa Ọ̀pá lórí, Alágbẹ̀dẹ, Káfíńtà, Bọ́ọ̀lù Funfun tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà, àti Ọ̀pá.

Nígbà láéláé náà, ayé súnúkà, eré bọ́ọ̀lù tí a ń fi ọ̀pá gbá lórí tábìlì, kò ní wàhálà. Ibi tí Ọ̀pá bá kọjú sí ni Bọ́ọ̀lù Funfun ń gbà lọ. Ìbáà kàn án láàárín gbùngbùn, ìbáà kan etí rẹ̀ láti sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i, yóò lọ tààrà ni.

Ọ̀pá fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Igi tí kò bá ní bọ́ọ̀lù tí yóò rán níṣẹ́, igi ìdáná ni. Ọ̀pá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Alágbẹ̀dẹ rọ fìlà idẹ fún un. Ọ̀pá dé e bí ẹni ń lọ jẹ oyè. Ṣọ́ọ̀kì bú sẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá, ṣé orí ló gbé fìlà ni, àbí fìlà ló gbé orí?”

“Ìlara ń pa ọ́,” ni Ọ̀pá wí.

“Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ẹ ṣí fìlà o. A kì í dé fìlà kí àgbà.”

“Fìlà yìí gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n rí!”

Ọ̀pá sáré lọ bá Bọ́ọ̀lù Funfun, ó na ọrùn sí etí òsì rẹ̀. “Ìyá Àgbà, ẹ wo...”

Gbì! Idẹ gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Ìyá Àgbà yẹ̀ sí ọ̀tún, ó yí gbirigbiri, ó kó sínú ihò.

Àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù figbe ta. Nígbà tí wọ́n fa Ìyá Àgbà jáde, ó kọjú sí Ọ̀pá.

“Ọ̀pá! Èmi tí mo ń gbọ́ tìrẹ bí ọmọ inú mi! Máa lọ. N kò jẹ́ iṣẹ́ rẹ mọ́.”

Ọ̀pá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ jọ̀ọ́, mà. N kò mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀ mí, inú iná ni mò ń lọ.”

Ó fẹ́ ṣí fìlà náà, ó ti há. Káfíńtà ló bá a yọ ọ́, ó sì gbẹ́ inú orí rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́. Ó dun Ọ̀pá wọra, ṣùgbọ́n kò mira.

Àánú ṣe Ìyá Àgbà. “Mo ti dárí jì ọ́. Bí o bá kàn mí láàárín, ibi tí o kọjú sí ni màá lọ. Bí o bá kàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, màá yẹ̀. Bí orí rẹ bá wúwo, màá yẹ̀ púpọ̀; bí ó bá fúyẹ́, màá yẹ̀ díẹ̀.”

“Ṣé ẹ kò lè máa lọ tààrà bíi ti tẹ́lẹ̀ ni, mà?”

“Ọkàn mi fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni kò gbà.”

Láti ọjọ́ náà ni bọ́ọ̀lù funfun ti ń yẹ̀ sí òdìkejì bí ọ̀pá bá kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àwọn tó ń gbẹ́ ọ̀pá súnúkà sì ń wá bí orí rẹ̀ yóò ṣe fúyẹ́.

Ìbídàpọ̀, ìwọ tí mò ń pa ìtàn yìí fún, bí o bá fẹ́ kàn án lósì, kọjú ọ̀pá rẹ sí òsì ibi tí o fẹ́ kó lọ, díẹ̀ péré, kí o sì rọra.