Bí Ẹnubodè Ṣe Pọ̀ Ju Odi Lọ ní Ìsádi

Bí ìpàdé bá gbóná ní Ìsádi, tí oníkálukú ń du ipò tí yóò jókòó sí, àgbàlagbà kan kò ní ṣàìgbójú sókè kí ó sì béèrè pé: "Bí gbogbo wa bá di oníbodè, ta ni yóò mọ odi?" Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya àlejò lẹ́nu. Ìsádi òde òní kò ní odi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oníbodè kankan níbẹ̀. Ta wá ni wọ́n ń bá wí? Ibo ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti wá?

Ìròyìn kan ló bí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, láyé ogun, ìròyìn náà sáré ju ẹṣin lọ: Oníbodè Ọyáwálé ti bọ́ agbádá, ó ti kó sínú amọ̀! Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́. Ìyá arúgbó kan ní kí wọ́n tètè gbé òun débẹ̀ kí ojú òun tó fọ́. Wọ́n gbé e débẹ̀, ó sì rí i: Ọyáwálé, ọmọ oníbodè, ọmọ-ọmọ oníbodè, amọ̀ mù ún dé orúnkún, ó ń fẹsẹ̀ pò ó bí ẹni tí ń jó.

Kí ìyàlẹ́nu wọn tó lè yé wa, ó di dandan kí á padà sẹ́yìn díẹ̀.

Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo ni ogun jó Ìjànlà, Agbèlé àti Òwúrù. Àwọn ọba wọn kú, ààfin wọn di eérú, àwọn tí a kò rí kó lẹ́rú sì sá wá sí abẹ́ àpáta ńlá kan. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Ìsádi. Ògúndépò, ahunṣọ tó kọ́ ogun jíjà lójú ogun, ni wọ́n fi jẹ Balógun, nítorí pé òun ló ṣáájú wọn jáde kúrò nínú iná. Ọmọ ahunṣọ ń pàṣẹ, ọmọ ọba ń jẹ́ "hẹ̀n": ayé ti yí. Ọyáwálé kò bá ayé jà. Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún un láti Agbèlé, ìyẹn ni oyè Oníbodè, ó sì dì í mú bí ẹni tí odò ń gbé lọ ṣe ń di koríko mú.

Balógun ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà, kí wọ́n sì mọ odi yí ìlú ká kí koríko tó gbẹ tán, torí pé ìgbà tí igbó bá jóná ni ẹṣin ọ̀tá ń ráyè sáré. Gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí i. Ọyáwálé náà fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ní, "Kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹnubodè Agbèlé o. Kí ó kọjú sílé. Ibẹ̀ la ó gbà padà lọ́jọ́ kan." Ọ̀rọ̀ náà pa àwọn ará Agbèlé lẹ́kún, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀. Ìjànlà gbọ́, wọ́n fi tiwọn sílẹ̀. Òwúrù náà kò jẹ́ gbẹ́yìn.

Bó bá mọ níbẹ̀, kì bá tí burú. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àṣà kan: oníbodè kì í po amọ̀. Òun àti agboolé rẹ̀ kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ odi. Jíjókòó lẹ́nu ọ̀nà ni iṣẹ́ tiwọn. Àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, wọ́n sì rí i pé ìjókòó rọrùn ju amọ̀ lọ. Agboolé ọdẹ ní ọ̀nà igbó gbọ́dọ̀ ní oníbodè. Alágbẹ̀dẹ ní, ọ̀nà èédú ńkọ́? Agboolé kan tí kò ní ọ̀nà rárá tilẹ̀ la ọ̀nà lọ sídìí igi ọsàn, wọ́n sì fi oníbodè jẹ síbẹ̀. Kò pẹ́ tí ewúrẹ́ fi lè wọ Ìsádi kí ó sì jáde láìyí ọrùn.

"Balógun," ni Ọyáwálé máa ń wí bí ọ̀gágun náà bá ń kọjá, "iṣẹ́ ń lọ o?"

"Iṣẹ́ ń jókòó, Bàbá," ni Balógun máa ń dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kan, ẹlẹ́ṣin mẹ́ta yọ lójú ọ̀nà Agbèlé. Wọn kò sáré. Àgbà wọn fa ìjánu níwájú Ọyáwálé, ó sì tẹríba lórí ẹṣin.

"Ẹ kú ìjókòó o, Oníbodè Agbèlé! Ọmọ a-jókòó-ṣọ́-ìlú!"

Orí Ọyáwálé wú. Láti ọjọ́ tí Agbèlé ti jóná, àlejò kan kò kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ̀yin ọmọlúàbí! Kí lẹ ń fẹ́?"

"Omi ẹṣin lásán ni, Bàbá."

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ wọlé."

Wọ́n wọlé. Wọ́n fún ẹṣin lómi, wọ́n rọra yí ìlú ká, wọ́n sì gba ẹnubodè Ìjànlà jáde. Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọyáwálé, tó ń ti odò bọ̀, sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá Ọyágbèmí, àwọn wo nìyẹn?"

"Àlejò mi ni. Wọ́n mọ oyè mi."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Wọ́n ń na pàṣán sí ẹnubodè kọ̀ọ̀kan ni. Ọ̀kan ń kà á, àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín."

Kí Ọyáwálé tó fèsì, Adégoróyè, Oníbodè Ìjànlà, ti sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Amí ọ̀tá ni wọ́n! Ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n gbà wọlé!"

"Àlejò ni wọ́n nígbà tí wọ́n kọjá lọ́dọ̀ mi," ni Ọyáwálé wí. "Ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n dé tí wọ́n fi di amí!"

Balógun pe gbogbo wọn sábẹ́ àpáta, ó sì ní kí wọ́n dí àwọn ẹnubodè náà, kí ó ku ọ̀kan. Ta ni yóò kọ́kọ́ dí tirẹ̀? Agbèlé ní kí Ìjànlà ṣíwájú. Ìjànlà ní àgbà ni Òwúrù. Òwúrù ní àwọn ń ronú sí i. Wọ́n tú ká bí wọ́n ṣe péjọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ọyáwálé gbé àpótí rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, kò sì rí ibi tí yóò gbé e kalẹ̀ sí. Àwẹ̀ró àti àwọn obìnrin Agbèlé ti kó amọ̀ dí àlàfo náà. Ọyágbèmí, ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di wúńdíá, ń da omi sí i.

"Àwẹ̀ró! Ta ló ní kí ẹ dí ẹnubodè bàbá mi?"

Obìnrin náà kò dá ẹsẹ̀ dúró. "Agbèlé ni bàbá yín wà. Ọmọ yín ló wà níhìn-ín."

Ọyáwálé wo ọmọ náà. Irú rẹ̀ ni àwọn akónilẹ́rú kọ́kọ́ ń dì lókùn. Ó wo ọ̀nà Agbèlé, tó là gbọọrọ láàárín koríko gbígbẹ, ó sì yé e pé ọ̀nà tí òun ń ṣọ́ láti fi padà sílé náà ni ogun yóò tọ̀ wá. Ó bọ́ agbádá, ó fi kọ́ ọ̀pá oyè, ó sì wọ inú amọ̀.

Ibẹ̀ ni Adégoróyè bá a. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. "Oníbodè Agbèlé! Ṣé ìwọ ni mo ń wò nínú ẹrẹ̀ yìí? Àṣà wá ńkọ́?"

"Àṣà ń bẹ nílé, ilé ló ti jóná," ni Ọyáwálé wí. Ó nu amọ̀ kúrò lójú. "Adégoróyè, dá mi lóhùn: bí gbogbo wa bá di oníbodè, ta ni yóò mọ odi?"

Adégoróyè yí padà sí ẹnubodè tirẹ̀. Àwọn tó wá wòran gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Ọyáwálé, wọ́n ń sọ ọ́ láti agboolé dé agboolé. Oníbodè ìdí igi ọsàn ló kọ́kọ́ fi ìtìjú gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Alágbẹ̀dẹ tẹ̀ lé e. Nígbà tó di ọ̀sán, ọkọ́ kò kárí ọwọ́ mọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Ìsádi fi ń béèrè rẹ̀ títí di òní, nígbàkígbà tí oyè bá pọ̀ ju iṣẹ́ lọ: "Bí gbogbo wa bá di oníbodè, ta ni yóò mọ odi?"

Ní ti ọjọ́ náà gan-an, ibi tí ìtàn fi í sí ni pé nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ẹnubodè Òwúrù nìkan ló ṣì ṣí sílẹ̀, ọ̀kan tí Balógun ní kí ó kù; Adégoróyè ti dí ti Ìjànlà tán, ó sì ti wà nínú amọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agboolé rẹ̀, wọ́n ń mọ odi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èéfín yọ lọ́nà Agbèlé. Àwọn kan ní igbó ló ń jó. Àwọn kan ní ibùdó ogun ni. Balógun rán ọdẹ kan lọ wò ó. Ọdẹ náà kò tí ì dé.